Kòtò Ẹja Olúgbódi ní Àgọ́-Ibú

Ebi ni Jagunmólú fẹ́ fi pa àwọn ará Àgọ́-Ibú. Olórí ogun láti ilẹ̀ ọ̀dàn ni, kò mọ àwọ̀n jù, ṣùgbọ́n ó mọ ìkà. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dó sí etí odò, wọ́n ń ta ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ sómi lọ́fà. Ó ránṣẹ́ pé kí ìlú kó kúrò, kí odò àti ẹja inú rẹ̀ di tòun. Ìlọ̀rí, aya Olúgbódi, wà lára àwọn tí ebi kọ́kọ́ pa kú. Ẹ̀yìnkùlé ni ọkọ rẹ̀ sin ín sí.

Nígbà tí àwọn àgbà ń sọ pé kí wọ́n ṣí lọ, Olúgbódi, agbàwọ̀n-lọ́wọ́-ìjì, ọkùnrin tí ọ̀nì ń yà fún, dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹni tó bá fẹ́ lọ kó máa lọ. N kò ní fi Ìlọ̀rí sílẹ̀ kí Jagunmólú máa tẹ sàréè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọn ò bá jẹ́ ká lọ bá ẹja lódò, ẹ jẹ́ kí ẹja wá bá wa nílé." Ó gbé ọkọ́ lọ sí ẹrẹ̀ tó wà láàárín ìlú àti odò, ó ń gbẹ́ kòtò. Arímorò, àbúrò Ìlọ̀rí, fi í ṣe ẹlẹ́yà: "Ẹ̀gbọ́n, sàréè ta lẹ tún ń gbẹ́?"

"Tìrẹ, bí o ò bá lọ mú ọkọ́."

Arímorò lọ mú ọkọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Òjò dé, odò kún, omi ya wọ inú ẹrẹ̀. Nígbà tí omi fà, ẹja àrọ̀ àti epìyà kò lè bá a padà. Wọ́n ti há sínú kòtò. Àwọn ará ìlú da ojúoró bo omi náà kí ẹyẹ má baà rí ẹja. Ọ̀nà tóóró nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ láàárín kòtò sí kòtò.

Jagunmólú rí èéfín ẹja lókè ìlú, inú bí i. Ó kó ogun dé etí ẹrẹ̀. Olúgbódi nìkan ló rí ní òdìkejì.

"Ìwọ ajẹja yìí, ebi ò tíì pa ọ́ kú?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Máa bọ̀ wá lá àwo."

Jagunmólú kígbe ogun, wọ́n sáré. Lójú ará ọ̀dàn, ohun tó bá ní àwọ̀ ewé tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko ni. Ojúoró là lábẹ́ wọn, ẹrẹ̀ gbé wọn mì dé àyà. Àwọn apẹja gba ọ̀nà tóóró yọ sí wọn, wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ gún wọn. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ kò rí ẹni gbọ́.

Jagunmólú na ọwọ́. "Olúgbódi, fà mí."

"Aya mi náà na ọwọ́ títí ó fi kú. Kò rí ẹja gbà." Ó dúró títí ojúoró fi padé lórí Jagunmólú.

Nígbà tó yá, Arímorò gbé agbọ̀n ẹja dé láti inú kòtò tí Jagunmólú rì sí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹja ibẹ̀ mà sanra."

"Mo mọ ohun tó ń jẹ. Jagunmólú kò ní gba inú ìkòkò wọ ilé mi. Dá wọn padà."

Kòtò ẹja ló yí Àgọ́-Ibú ká lónìí. Ibẹ̀ la ti ń jẹ, ibẹ̀ la ti ń tà. Ọ̀kan ṣoṣo ni a kì í pẹja nínú rẹ̀. Àrọ̀ ibẹ̀ ń dàgbà, wọ́n ń darúgbó, wọ́n ń kú síbẹ̀. Ní ọdún tí ọ̀dá mú, tí gbogbo kòtò yòókù gbẹ, ebi ń pa wá, a jókòó tì í, a kò sì nawọ́ sí i.