Ìdí Tí Ẹja Fi Ń La Ẹnu Tí Kò Sọ̀rọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ọbẹ̀ kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹran, òfin kan wà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kó bi í pé, "Jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ ọ́?" Bí ó bá ní rárá, wọ́n á fi í sílẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ó gbà nìyẹn.

Iṣu máa ń dákẹ́. Ẹ̀fọ́ máa ń dákẹ́. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀, kí ènìyàn tó kúnlẹ̀ tán ni yóò ti figbe ta, "Rárá o!"

Ẹja kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nígbà náà, nítorí kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn tó tirẹ̀ nínú odò. Àmọ́ ìhòòhò ló wà, ojú sì ń tì í. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ní ẹ̀wù ìpẹ́ tó ń dán yinrinyinrin, ṣùgbọ́n kò lóhùn rárá. Inú ihò ló ń fi ẹ̀wù rere bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí. Bí ènìyàn bá rí i, tó sì bi í léèrè, kí ni yóò fi dáhùn?

Ẹja ní, "Ọ̀rẹ́ mi, fún mi lẹ́wù rẹ, kí n fún ọ lóhùn mi."

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí Ọ̀pọ̀lọ́ fi ń bọ́ ẹ̀wù.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró wá fọ ẹ̀fọ́ lódò. Ẹ̀fọ́ ti sú u, àfi bíi kó sunkún. Ni Ẹja bá lúwẹ̀ẹ́ wọ inú ajere ẹ̀fọ́ lọ, kí ìyá lè rí ẹ̀wù tuntun. Ó yí síwá, ó yí sẹ́yìn. Àwẹ̀ró rọra gbé ajere kúrò nínú omi.

"Ẹlẹ́wù, o kú oge o," ni Àwẹ̀ró wí. Ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ ọ́?"

Ẹja lanu. Ohùn kò jáde. Ó pa á dé, ó tún la á. Àwẹ̀ró rí ohun tí ẹnu náà ń wí kedere, ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí ó lo ojú. Etí ló dẹ̀.

Àánú ọ̀rẹ́ ṣe Ọ̀pọ̀lọ́. Ó bẹ́ jáde sí etí odò, ohùn náà há mọ́ ọn lọ́fun: "Kò gbà! Kò gbà o!"

"Ta ló bi ọ́?" ni Àwẹ̀ró fèsì. "Ó dáa, mo ti gbọ́. Mi ò ní jẹ ìwọ."

Alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ fi ìka lá ìsàlẹ̀ àwo mọ́ féfé. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ó gbà ṣá?"

"Kò kúkú wí nǹkan kan," ni Àwẹ̀ró dáhùn, kò sì wo ojú ọkọ rẹ̀.

Ẹ má bi mí pé ewúrẹ́ ńkọ́. Lẹ́yìn irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, etí ènìyàn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹja tí wọ́n bá fà jáde nínú omi ti ń lanu, tí ó ń pa á dé, tí ó sì tún ń la á. Bí òjò bá sì rọ̀, Ọ̀pọ̀lọ́ a máa ké ní gbogbo òru, a máa wí i dípò ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò gbà, kò gbà, kò gbà. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. A ó ní, "Ariwo ọ̀pọ̀lọ́ yìí mà pọ̀ o," a ó sì bu ọbẹ̀ sí i.