Ìyá tí Wọ́n Ní Kó Jókòó

Obìnrin kan wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí oko àgbàdo ti lọ salalu títí tí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, tọwọ́-tẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú lójijì lóko, tí ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ń dáná ní ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà, ó fi owó rẹ̀ tọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì di ènìyàn.

Àṣà kan wà nínú ìjọ náà. Bí wọ́n bá ti sin òkú tán, gbogbo ènìyàn á padà sí yàrá ńlá tó wà lábẹ́ ilé ìsìn, àwọn obìnrin ìjọ á sì gbé oúnjẹ fún wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni obìnrin yìí ti rí àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, nítorí pé oúnjẹ náà gbóná, ó sì dùn. Kò gbàgbé rẹ̀. Òun náà wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń dáná ìsìnkú, kò sì pẹ́ tó fi di olórí wọn.

Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìyẹ̀fun tí a fi ẹyin pò, tí a tẹ́ pẹlẹbẹ, tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sá títí tó fi gbẹ, kí a tó sè é sínú omi adìẹ. Jẹ́ kí n kúkú pè é ní ìndómì, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í jáde látinú ọ̀rá. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi ń ṣe é. Àlùfáà mọ́kàndínlógún ni àwọn aláṣẹ ìjọ gbé wá síbẹ̀ tí wọ́n sì tún gbé lọ, o kúkú mọ àwa Mẹ́tọ́díìsì. Obìnrin yìí kò kúrò nídìí ìkòkò. Wọn a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kò bẹ̀rù ikú, àfi bí ó bá dé nígbà tí ìyẹ̀fun ti tán nílé.

Nígbà tí ó di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó wakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta wá láti ìlú ńlá, ó di ẹrù ìyá rẹ̀, ó mú un lọ sí ilé ara rẹ̀. Ó ra àga tìmùtìmù fún un, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn máa ń dé, ó da aṣọ òtútù bò ó lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ti ṣe tó. Ẹ jókòó, kí àwa náà tọ́jú yín."

Ìyá jókòó. Nígbà tó dìde láti bẹ ànàmọ́, ọmọ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ fọ abọ́, ọmọ ní ẹ̀rọ ló ń fọ abọ́ nílé yìí. Nígbà tó ní òun á gbálẹ̀, ọmọ fi ẹnu kò ó níwájú orí, ó sì mú un padà sórí àga. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń yin ọmọ náà. Ohun tí àwa náà máa ń sọ ni wọ́n ń sọ ní èdè tiwọn, pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ ìyá ń dín kù. Kí oṣù kẹta tó pé, ṣíbí méjì ló ń jẹ, á ní òun ti yó. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àrùn kankan. Ó ní ọjọ́ orí ni. Ọmọ wọ yàrá rẹ̀, ó sunkún, nítorí ó hàn sí i pé ìyá òun ń lọ, kò sì mọ ohun tó kù tí òun kò tíì ṣe. Ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa orin tí wọn yóò kọ níbi ìsìnkú.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan, obìnrin kan láti ìjọ ìlú wọn pè lórí fóònù. Ó fẹ́ túfọ̀ fún màmá ni, pé ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wọn ti kú, Sátidé ni ìsìnkú.

Màmá ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó wá béèrè pé, "Ẹni mélòó ni yóò jẹun?"

"Bí ọgọ́fà, Màmá."

"Ta ló ń ṣe ìndómì?"

Obìnrin náà ní, "A ò rí ẹni ṣe é, Màmá. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, ọjà la ti ń rà á."

Màmá dágbére fún un, ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ jáde láàárọ̀ lọ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló dé. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ rí nílẹ̀. Ìndómì rọ̀ sẹ́yìn gbogbo àga. Ó wà lórí pákó tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ó wà lára irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí dókítà ní kí màmá máa fi rìn. Ọmọ wọ yàrá ara rẹ̀: màmá ti tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti sá ìndómì sí i láti ibi ìrọ̀rí dé ibi ẹsẹ̀. Kódà àga tìmùtìmù gba tirẹ̀.

Inú bí ọmọ, nítorí ó ń rò ó pé bí màmá bá ṣubú ńkọ́. Ó sáré wọ ilé ìdáná. Màmá dúró, ó fi ara ti tábìlì, ìyẹ̀fun ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Búrẹ́dì ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ o," ó wí, "kò tíì gbẹ. Ẹyin tó wà nílé kò tó. Lọ bá mi ra méjìlá sí i."

Ọmọ la ẹnu láti bá a wí. Ó wá rí i pé ìyá òun ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó lọ ra ẹyin, ó sì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Ọdún mẹ́fà ni màmá tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ gbé e dìde, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìwọ ni mò ń bá wí, ọ̀rẹ́ mi. O mú ìyá rẹ wá láti Iléṣà, o fún un ní yàrá tó dára jù nílé, o ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n o fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, o ní iṣẹ́ ti tó. Nísinsìnyí o ń sọ fún mi pé kì í sọ̀rọ̀ mọ́, pé kò sí ọbẹ̀ tó dùn lẹ́nu rẹ̀. N ò ní kí o máa rán àgbà níṣẹ́ ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rẹ̀ ló ń sinmi. Ẹni tí o kò jẹ́ kó ṣe nǹkan kan, kí ló ṣe tó rẹ̀ ẹ́ tí yóò fi sinmi? Lọ gba ẹ̀rọ náà padà lọ́la. Mú ṣòkòtò rẹ tó ya lọ bá a, kí o sọ fún un pé o fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un lọ́wọ́, jókòó tì í, kí o bá a nù ún. Ìyá rẹ ṣì wà láàyè. Má tíì sin ín sórí àga.