Ìdí Tí Imú Ajá Fi Ń Tutù

Nígbà láéláé, nígbà tí èèyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, imú ajá gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ajá kì í sì í gbóòórùn nǹkan kan nílé onílé. Àwọn ìyá wọn ti kọ́ wọn pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún yín nílé onílé, tí ẹ gbé imú lé e kí ẹ tó jẹ ẹ́, inú máa bí ẹni tó sè é. Á ní ṣé májèlé lòun fi sí i ni. Nǹkan tí àwọn ajá ń sá fún nìyẹn. Ojú nìkan ni wọ́n fi ń yan ilé tí wọ́n máa wọ̀ sí. Tí àgbàlá bá ti mọ́, tí onílé rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n á jùrù, wọ́n á wọlé.

Ta ló ń ra iṣu tí kò ní fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí wò? Ajá ló ń rà á bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ajá kan wà tó ń jẹ́ Ojúlarí. Abo ni. Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́jobí ló ni ín. Ẹ mọ̀ pé ọdẹ máa ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò wí. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ lójúkojú, á fi sọ ajá lórúkọ, á wá máa pè é kíkankíkan ní òwúrọ̀. Ojú là rí, ọ̀rẹ́ ò dénú: ohun tí Ọdẹ́jobí ń bá àwọn ará ilé kejì sọ nìyẹn.

Lọ́dún kan, ọba ní kí gbogbo ọdẹ kóra jọ, kí wọ́n lọ lé àwọn erin tó ń ba oko jẹ́ nínú ẹgàn. Wọ́n máa pẹ́ níbẹ̀. Ojúlarí ò lè bá wọn lọ, oyún inú rẹ̀ ti wúwo. Ọdẹ́jobí ò sì ní aya tàbí ìyá nílé. Ó di dandan kó wá ibi tó máa fi í sí.

Ẹ̀rù ń ba Ojúlarí, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, Ọdẹ́jobí fi àbúrò Ojúlarí, Kòṣeémàánìí, sọ́dọ̀ Ìkookò kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ọdẹ dé, Ìkookò ní ó ti sá lọ. Ó tilẹ̀ sunkún sí i. Ọdẹ́jobí gbà á gbọ́, torí Kòṣeémàánìí fẹ́ràn ìrìnkèrindò. Ojúlarí nìkan ni kò gbà. Ó mọ àbúrò rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà lè rìn jìnnà lóòótọ́, àmọ́ tí ebi bá ti pa á, ilé ló ń sá bọ̀.

Nítorí náà ó sọ fún Ọdẹ́jobí pé, "Bàbá, ọmọ wà nínú mi. Mi ò ní bí wọn síbi tí kò dá mi lójú."

Ọdẹ́jobí ní ó ti gbọ́. Àmọ́ ẹ mọ bí àgbàlagbà ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá.

Ilé Ọ̀bọ ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ọ̀bọ ni wọ́n ní ó ń kọ́ ajá lẹ́kọ̀ọ́ jù nígbà yẹn. Àwọn ọmọ ajá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń dìde, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún àlejò. Ọdẹ́jobí ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, orí ń yún Ọ̀bọ, ó gbé ọwọ́ sókè láti họ ọ́. Gbogbo ọmọ ajá náà lẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n dijú.

Ojúlarí yí padà, ó gba ọ̀nà ilé. Ọdẹ́jobí sáré bá a, ó ń bá a wí, ó ní ó fẹ́ kó ìtìjú bá òun. Ojúlarí ní ẹ̀kọ́ kí lèyí, tí ọmọdé ń sá fún ọwọ́ tí olùkọ́ fi ń họ orí.

Inú bí Ọdẹ́jobí. Àwọn ọdẹ máa gbéra lọ́jọ́ kejì. Ó ní kò sí ibòmíràn mọ́ àfi ilé Ìkookò. Ó ní ta ni kò mọ ilé Ìkookò, ta ni kò yìn ín. Ó so okùn mọ́ Ojúlarí lọ́rùn, ó fà á.

Ká sọ òótọ́, ilé Ìkookò dùn ún wò. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ àgbàlá títí ó fi ń dán bí ojú awo. Àwọn ajá jókòó lábẹ́ igi ọ̀dán, àdín ń dán lára wọn, osùn ń ta sánsán. Kò sí èyí tó ń gbó. Kò sí èyí tó ń họra. Kò sì sí èyí tó jùrù.

Ìkookò jáde sí wọn, ó tẹrí ba débi pé àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

"Baba ọdẹ, ẹ kú ìrìn. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sùn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ẹ bá máa fi dé, ẹ ò ní dá ajá yín mọ̀ mọ́."

Ojúlarí sọ lábẹ́ ahọ́n pé òótọ́ ni, ta ló ń dá ohun tí kò rí mọ̀.

Ọdẹ́jobí ṣèlérí itan erin kan fún un. Ìkookò ní rárá o, kí wọ́n má tíì mú nǹkan kan wá, ọ̀rẹ́ kì í gbowó ìtọ́jú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ọdẹ́jobí ń dúpẹ́ ṣáá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dún lódìlódì létí Ojúlarí. Ọlọ́jà tí kò bá èèyàn nájà rárá, ó ti mọ ibi tí èrè òun wà.

Ó sún mọ́ ajá àgbà kan tó láwọ̀ bí eérú, ó kí i, ó béèrè bí ibí ṣe rí. Ajá náà kọ́kọ́ wo ojú Ìkookò. Ó wá ní, "Ibí dára." Ó bi ẹni tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn náà wo ojú Ìkookò. "Ibí dára."

Òfin kan wà nílé yẹn. Ajá kankan ò gbọdọ̀ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé tí wọn ò bá tíì wẹ̀ ẹ́. Ìkòkò omi ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà fún èyí. Ìkookò mú kàìnkàìn àti ọṣẹ dúdú, ó ní kí aláboyún máa bọ̀ kí òun fọ ìdọ̀tí ọ̀nà kúrò lára rẹ̀.

Ojúlarí kò mira. Ó ní, "Kí ẹ tó wẹ̀ mí, mo fẹ́ gbóòórùn ilé yìí."

Ajá kan bo ojú. Ọdẹ́jobí fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Ta ló tọ́ ẹ?" Ìkookò bi í. "Ṣé májèlé ni mo sè sílé ni?"

"Ẹni tí kò se májèlé kì í bínú tí wọ́n bá ṣí ìkòkò rẹ̀ wò."

Ọdẹ́jobí ní, "Ojúlarí, ó tó. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Tọrọ àforíjì."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú sí mi lónìí, kó má baà jẹ́ pé ẹ máa sunkún mi tó bá yá. Mi ò tọrọ àforíjì kankan."

Ló bá dorí kodò, ó gbé imú lélẹ̀. Àwọn ajá ń pòṣé, wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ lèyí. Ó gbóòórùn ilẹ̀. Osùn. Ó gbóòórùn ògiri. Ọṣẹ. Ó gbóòórùn ẹní. Osùn náà ni. Ẹ má gbàgbé pé imú rẹ̀ gbẹ, òórùn tó bá le nìkan ló ń rí mú. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó wò ó pé bóyá òun ló ṣì í, bóyá àbúrò òun sá lọ lóòótọ́. Síbẹ̀ kò gbé orí.

Ìkookò rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá ó ti tán. Ó wá fi ẹ̀rín sílẹ̀, ó gbá a mú lọ́rùn.

"Imú tó ń tọ ilé onílé, jẹ́ kó mumi." Ó sì ki imú rẹ̀ bọ inú ìkòkò omi náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ọdẹ́jobí gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Ojúlarí ló jẹ̀bi.

Nígbà tí Ojúlarí bọ́ lọ́wọ́ Ìkookò, ó sín, ó tún sín. Omi ń kán ní imú rẹ̀ tó, tó. Ó fa èémí.

Òórùn wọlé sí i lára bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn ilé tó ti pẹ́ ní títì. Ó gbọ́ ọṣẹ, àmọ́ ó gbọ́ ohun tí ọṣẹ bò. Ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ osùn. Ẹ̀rù wà lára àwọn ajá tó ní ibí dára. Láti ẹ̀yìnkùlé, òórùn kan ń bọ̀ tó mọ̀ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ, òórùn ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà.

Ó gbójú sókè. "Ìkookò, ọ̀nà wo lo ní àbúrò mi gbà sá lọ?"

"Ọ̀nà odò. Mo ti sọ fún baba rẹ."

"Irọ́ ni. Kò jáde nílé yìí."

Ó já okùn gbà lọ́wọ́ Ọdẹ́jobí, ó sáré kọjá sí ẹ̀yìnkùlé tòun ti ìdọ̀tí lára. Ìkookò fẹ́ dènà, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó dé ẹ̀yìn àká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná wa ilẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ ń fò sẹ́yìn. Kò pẹ́, egungun jáde. Lẹ́yìn náà ni ṣaworo onígi kan jáde, irú èyí tí ajá ọdẹ máa ń so mọ́rùn.

Ọdẹ́jobí mú un. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ fún Kòṣeémàánìí. Ó ń wò ó. Ó wá yọ àdá nínú àkọ̀.

Ìkookò kò dúró gbọ́ ẹjọ́. Ó fo ọgbà, ó gba inú igbó lọ, inú igbó náà ló wà dòní. Ẹ ò rí i kó tún kọ́lé sáàárín ìlú mọ́.

Ajá àgbà tó láwọ̀ bí eérú dìde. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ki imú ara rẹ̀ bọ inú ìkòkò. Ó fa èémí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Òun náà ní ọmọ tí wọ́n ní ó sá lọ. Èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, títí kò fi ku ajá kan tí imú rẹ̀ gbẹ nínú àgbàlá náà. Wọ́n fọ́ ìkòkò náà, wọ́n bá ọ̀nà ilé wọn lọ.

Ọdẹ́jobí tú okùn lọ́rùn Ojúlarí. Ó ní, "Máa lọ níwájú. Ibi tí imú rẹ bá ní ká dúró, ibẹ̀ la máa dúró."

Bí wọ́n ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, oòrùn ń pa imú rẹ̀, òórùn ayé bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ojúlarí ní kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ òun mọ́. Ó yọ ahọ́n, ó lá imú, ó tutù padà. Ó ń rìn, ó ń lá a.

Ó kọjá ilé tó ní ògiri funfun. Ó kọjá ilé tí wọ́n ti ń pè é wọlé pẹ̀lú ẹran. Ilé Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ló dúró sí. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ Ọdẹ́jobí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ṣé ibí ni, Ojúlarí, ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbálẹ̀ rí.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ń bó kókò, àwọn ọmọ ń gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ojúlarí kí i, ó ní òun fẹ́ gbóòórùn ilé kóun tó sọ ohun tó gbé òun wá.

"Wọlé, gbọ́ ọ dé ìdí," ni Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ dá a lóhùn. "Gbóòórùn ẹnu mi pàápàá. Àmọ́ mi ò lọ́ṣẹ o, n ò sì mọ ìjókòó tí wọ́n ń kọ́ ajá. Ọmọ títọ́ nìkan ni mo mọ̀, ọjà tí mo ní nìyẹn."

Ojúlarí gbóòórùn abẹ́ ẹní, ó gbóòórùn ìdí ààrò àti ẹnu Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá. Kò sẹ́ni tó bínú. Ó gbọ́ wàrà, ó gbọ́ kókò sísè, ó gbọ́ ìtọ̀ ọmọ kékeré tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó ká ara rẹ̀ jọ sórí ẹní.

"Bàbá, ẹ lọ lé erin. Ibí ni."

Ibẹ̀ ló bímọ sí. Wọ́n dijú bí gbogbo ọmọ ajá ṣe ń dijú tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé. Ojúlarí ò dúró de ojú wọn. Ó lá imú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí ó fi tutù, ó ní ohun tó máa tan ojú wọn jẹ lọ́la, kí imú ti mọ̀ ọ́n lónìí.

Láti ọjọ́ náà ni imú ajá ti ń tutù, tí ajá sì ń lá a kó má baà gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni ajá kì í wọlé kankan, kì í gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni, àfi tó bá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ilé ọba ni o, ilé tálákà ni o, á gbé imú síbẹ̀. Ẹ pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, kò ní tọrọ àforíjì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kó na ọwọ́ sí i, kó jẹ́ kó gbọ́ ọ.