Ihò Omi Ilé Bàbá Gbádébọ̀

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, inú ṣì ń bí mi. Èmi ni mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ihò omi balùwẹ̀ ilé àna wa ti dí. Dípò kí Bàbá Gbádébọ̀, bàbá ọkọ, pe pulọ́mbà kó wá tú páìpù, táìlì funfun ló rà, ó fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀ balùwẹ̀ àti pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní:

"Bàbá Gbádébọ̀, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá!"

"Dákẹ́! Ṣé inú páìpù lálejò máa ń wò ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, àlejò bí ogún ló wẹ̀ nínú balùwẹ̀ yẹn. Omi kò rọ́nà lọ, ló bá ya wọ pálọ̀. Àwọn obìnrin ilé ti wà níta, wọ́n ń kọrin pàdé wa. Wọ́n bu omi tútù, wọ́n fọ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ṣàdúrà fún un. Àbúrò mi gbé kọ́tìnnì sókè, ó gbẹ́sẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sínú omi dúdú tó ń rùn.

Ó padà síta, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn obìnrin ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tún ẹsẹ̀ mi fọ̀. Mò ń padà sílé bàbá mi."