Iṣẹ́ Tí Olóògbé Látúndé Ń Ṣe Lọ́wọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí olóògbé Látúndé fi sílẹ̀ ní Ìkìrun yóò gbọ́ ohùn òkú nínú rẹ̀: "Gbé iṣẹ́ fún mi. Bí mo bá ti parí ẹ̀, ìwọ ni màá mú lọ." Mosúnmọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló tàn án, torí kò rí òmíràn lò. Ohùn náà dé, yàrá sì tutù bí inú kànga. Mosúnmọ́lá ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí." Òkú ní, "Láéláé!" Mosúnmọ́lá bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń ṣe: ó kọ ọ́ pé kó máa ka nọ́ńbà lọ, kò sì kọ ibi tí yóò ti dúró. Kọ̀ǹpútà tòde òní ì bá ti kìlọ̀. Ti àtijọ́ yìí kò mọ ìkìlọ̀ kankan. Látúndé bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mosúnmọ́lá rọra fa wáyà iná yọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Òkú ṣì ń kà. Gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé yàrá náà, kò sí ẹni tó ń kí i kú iṣẹ́, kó má baà dánu dúró láti dáhùn.