Agbọ̀n Tí Díákónì Rà

Ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Díákónì Adégbìtẹ́ kò mọ̀ pé òun ni òwe náà ń bá wí nígbà tó ra agbọ̀n, tó ní kí àwọn ọmọ òun máa kó fóònù wọn sí i kí àdúrà òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kì í dá fóònù lóhùn," ló máa ń wí.

Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Bíbélì òun ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó dárúkọ orin. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kọ ọ́ dé ẹsẹ kẹrin, wọ́n ṣe Àmín, wọ́n jókòó. Bàbá ṣì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Nígbà tó gbójú sókè, ó jágbe mọ́ wọn: "Kí lẹ ń wò? Ẹ ò lè kọrin ni?"

Ìbùkúnolú, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. A ti kọ ọ́ tán."

Ìyá wọn fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á. Ojú ti Díákónì, òun náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ó fi fóònù rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó lọ wá Bíbélì oníwèé tí eruku ti bò.

Ibi tó ti ń kà á ni fóònù ti dún. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń nà lọ síbi agbọ̀n nígbà tí Ìbùkúnolú rọra gbé e sún sẹ́yìn.

"Ẹ máa kà á lọ, sà. Ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kì í dá fóònù lóhùn."