Ìkòkò Tí Wolé-wolé Gbà

Ààlọ́ o! Ẹ gbá ẹ̀fọn ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó dáhùn. Àlọ́ mi balẹ̀ gbì sórí Àdàbà, tí ibà ẹ̀fọn dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀.

Òbúkọ wolé-wolé rí tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, nínú ìkòkò omi Àdàbà, ó gba ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ti gbogbo àdúgbò. Síbẹ̀ ẹ̀fọn ń pọ̀, ọmọ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé òòlù dé.

"Ìyá Àdàbà, ẹ̀fọn ò lọ! Ilé yín ni màá wó."

"Ọ̀gá, ìkòkò wa dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì mi."

Àdàbà fò lọ wò ó. Òjò ti kún gbogbo ìkòkò, tanwíji ń jó nínú wọn. Ó bú sórin, ẹ bá a gbè é:

"Wolé-wolé, wo ilé tìrẹ!"
Terena!

Ará ìlú da omi nù, ọmọ yè. Òbúkọ ń mi irùngbọ̀n dòní. Ẹ̀fọn tó sá síbẹ̀ ló ń lé.